Bí Ọmọ Ọwọ́ Bá Ń Pọ Ọmú: Ohun tí Olùtọ́jú àti Òṣìṣẹ́ Ìlera Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Ní ọjọ́ ìwọn-ọmọ ní Madina, ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá máa ń bi wá lọ́pọ̀ ìgbà: èé ṣe tí ọmọ mi fi ń pọ ọmú tí ó bá mu? Ìdáhùn rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè tìtorí èyí já ọmọ lẹ́nu ọmú, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní koko àti àgbo kí ó tó pé oṣù 6. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn mìíràn a máa fi ojú kékeré wo èébì tí ó jẹ́ àmì àìsàn ńlá.

Kí ni ó ń fà á?

Níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti so mọ́ àpòlùkù, iṣan kan wà tí ó ń ṣe bí ìlẹ̀kùn. Nínú ọmọ tuntun, iṣan yìí kò tíì gbó, nítorí náà a máa ṣí nígbà tí kò yẹ, wàrà a sì padà sókè. Ó kéré tán, ọmọ 40 nínú 100 ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ 8, ó sì ń dáwọ́ dúró fún ọmọ 90 nínú 100 kí wọ́n tó pé ọdún kan. Bí ọmọ bá ń mu ọmú dáadáa, tí ara rẹ̀ yá, tí ó sì ń wúwo sí i, kò nílò oògùn. Kì í ṣe àmì pé ọmú ìyá rẹ̀ kò dára.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

• Ẹ jẹ́ kí ọmọ la ẹnu dáadáa gba ọmú, kí ó má baà gbé afẹ́fẹ́ mì.
• Ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀, lóòrèkóòrè. Ẹ má rọ ọ́ ní ohunkóhun.
• Lẹ́yìn ọmú, ẹ gbé e dúró sí èjìká fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ó lè gùnfẹ̀. Ẹ má tètè fi ọ̀já di ikùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.
• Ẹ̀yin ìyá àgbà, kí ọmọ tó mu ọmú ni kí ẹ wẹ̀ ẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.
• Bí ó bá fẹ́ sùn, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lórí ibùsùn tí ó tẹ́jú. Ìdojúbolẹ̀ ni ó ń mú ewu ikú òjijì lójú oorun pọ̀ sí i.
• Bí ó ti wù kí ooru mú tó, ẹ má fún un ní omi, koko, àgbo, oyin tàbí gripe water.
• Bí ó bá jẹ́ wàrà agolo ni ó ń mu, ẹ má ṣe pò ó ju ìwọ̀n tí a kọ sára agolo lọ.

Àwọn àmì ewu

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

• Èébì aláwọ̀ ewé, tàbí èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìfun lè ti lọ́ pọ̀. Ẹ má dúró di ọ̀la.
• Èébì tí ń fi ipá ta jáde lẹ́yìn ọmú, pàápàá nínú ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2. Ọ̀nà tí ó ti àpòlùkù lọ sí ìfun lè ti dí, iṣẹ́ abẹ ni ó sì ń wò ó sàn.
• Ikùn tí ó wú, ibà, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́.
• Ọmọ tí ó kọ ọmú, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn wọlé, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dínkù.

Bí èébì bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 6, tàbí tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọdún kan, ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Ẹ wọn ọmọ, kí ẹ sì fi ìlà ìdàgbàsókè inú ìwé rẹ̀ ṣe adájọ́. Ẹ wo bí ìyá ṣe ń fún un lọ́mú kí ẹ tó dá a lóhùn. Bí àmì ewu bá wà, ẹ má ṣe fi oògùn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ kọ̀wé gbé e ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tí ó ní oníṣẹ́ abẹ ọmọdé, bí i Korle Bu. Ẹ rán òbí létí pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san owó ọdọọdún ti ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba Ghana, kí àìlówó má baà dá wọn dúró sílé.