Harlech: Ilé Olódi tí Òkun Kọ̀ Sílẹ̀

Ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Wales, ní Britéènì, ilé olódi Harlech dúró lórí àpáta kan tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 60 mítà, ó sì kọjú sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyanrìn tó gbòòrò débi pé ó ṣòro fún àlejò láti gbà pé ìsàlẹ̀ àpáta náà ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí látijọ́. Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1283, lẹ́yìn tí wọ́n pa Llywelyn ap Gruffudd, olórí àwọn ará Wales, ní oṣù Kejìlá 1282. James ti St George, ọ̀gá mọlémọlé láti Savoy, ló darí iṣẹ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ òkúta, tó ń rọ irin, tó sì ń ru ẹrù sún mọ́ 950 nígbà tí iṣẹ́ gbóná jù lọ ní 1286, owó tí wọ́n ná títí di 1289 sì tó nǹkan bí £8,190.

Odi méjì ni wọ́n mọ yí i ká, ọ̀kan nínú èkejì, ti inú sì ga ju ti ìta lọ, kí àwọn tafàtafà tó wà lókè lè máa ta ọfà kọjá orí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe odi ni agbára Harlech gan-an, bí kò ṣe àtẹ̀gùn onípele 108 tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta dé etí omi. Nígbà tí Madog ap Llywelyn, ọmọ Wales, dìtẹ̀ sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1294, tó sì dó ti ilé náà láti orí ilẹ̀, ọkọ̀ láti Ireland ló ń gbé oúnjẹ wá, ebi kò sì rí àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé ṣe. Ní 1404, ilé náà bọ́ sọ́wọ́ Owain Glyndŵr, ọmọ Wales mìíràn tó dìtẹ̀ sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ṣe ibùjókòó ìjọba rẹ̀ títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á padà ní 1409. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ọba Charles Kìíní tó wà níbẹ̀ juwọ́ sílẹ̀ nínú ogun abẹ́lé ní 1647, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó ń bá ọba jà pàṣẹ pé kí wọ́n wó o, àmọ́ wọn kò wó o tán, ìyẹn ni a fi rí nǹkan tọ́jú lónìí.

Ohun tí kò sí ẹni tó lè tọ́jú ni òkun, nítorí iyanrìn tí ìgbì àti afẹ́fẹ́ ń kó jọ láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún ti tì í sẹ́yìn, ojú irin rélùwéè ló sì ń gba ìsàlẹ̀ àpáta kọjá báyìí. Ìjọba gba àbójútó ilé náà ní 1914, Cadw, àjọ ìjọba Wales tó ń bójú tó ohun àjogúnbá, ló wà nídìí rẹ̀ nísinsìnyí, àjọ UNESCO sì fi í sínú àkọsílẹ̀ Ogún Àgbáyé ní 1986 pẹ̀lú Caernarfon, Conwy àti Beaumaris. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n dá ohun tó kù dúró láìtún ohun tó ti wó kọ́. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àpòpọ̀ ẹfun àti iyanrìn ni wọ́n fi ń dí àlàfo àárín òkúta, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde, nígbà tí sìmẹ́ǹtì ń sé omi mọ́nú ògiri títí òkúta yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Afárá tuntun tí wọ́n ṣí ní 2015 yàtọ̀ díẹ̀ sí ìlànà pé kí wọ́n má tún nǹkan kọ́, ṣùgbọ́n ó tọ́, nítorí pé òun ló dá ọ̀nà ẹnubodè àtijọ́ padà fún àwọn àlejò.