Fákítọ̀rì Mọ́tò tó Wà ní Òdìkejì Odò Wa

Tí ẹ bá dúró létí odò ní Thamesmead, tí ẹ wo òdìkejì, ẹ ó rí àwọn òpó gíga tí fáànù ńlá ń yí lórí wọn. Ilé-iṣẹ́ Ford ní Dagenham nìyẹn. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kan owó oṣù ìyá wọn.

Manchester ni Ford ti kọ́kọ́ ń to mọ́tò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1911. Ní 1929 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé sórí àbàtà Dagenham, torí ọkọ̀ ojú omi lè kó èédú àti irin wá síbẹ̀ tààrà. Ní October 1931, ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde, ọkọ̀ akẹ́rù ni. Cortina dé ní 1962, ọjà rẹ̀ sì yá gan-an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni 1968. Obìnrin 187 ló ń fi ẹ̀rọ rán ìbora àga mọ́tò. Àwọn ọ̀gá ní iṣẹ́ wọn ò gba ìmọ̀ púpọ̀, wọ́n wá kọ wọ́n sí ìpele ìsàlẹ̀. Lórí ìpele yẹn náà, 85 nínú 100 owó ọkùnrin ni wọ́n ń san fún wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ọkùnrin bá gba pọ́n-ùn 20, obìnrin á gba 17. Ní June wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí àga, kò sí mọ́tò, iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mínísítà Barbara Castle dá sí i, owó wọn gòkè sí 92 nínú 100. Ọ̀nà yẹn ni Equal Pay Act ti 1970 gbà wá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí 1975. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìpele tí wọ́n tìtorí ẹ̀ jà, ó di 1984, lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ mìíràn, kí wọ́n tó rí i gbà. Ọdún mẹ́rìndínlógún!

Ní February 2002, mọ́tò tó kẹ́yìn, Fiesta kan, jáde níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 11. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń ṣe lọ lẹ́yìn náà.

Ìyàwó mi ṣe ọdún mẹ́ta níbi iṣẹ́ kan kó tó mọ̀ pé ìpele ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ òun sí. Èmi tí mo jẹ́ akáńtáǹtì, iye owó nìkan ni mò ń wò, mi ò wo ìpele. Ó kọ lẹ́tà, wọ́n sì tún un ṣe. Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa, tí ìwé owó oṣù bá dé, ẹ wo ìpele yín náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó dìgbà o.