Adùn Tí Kì í Ṣe Ti Ṣúgà: Àgbáyun àti Èso Ewé Eéran

Kò sí ẹni tó ń se mọ́ín-mọ́ín tí kò mọ ewé eéran. Ìdì-ìdì ni wọ́n ń rà á lọ́jà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ká a, wọ́n á bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú rẹ̀. Ẹlẹ́kọ ń lò ó, ẹni tó ń ta ìrẹsì ọ̀fadà náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé irú èso wo ni ewé yìí ń so, ọ̀pọ̀ wọn yóò kàn máa wò yín ni. Èso náà wà nínú igbó, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ní ìdí ewé gan-an. Èròjà adùn tó wà nínú rẹ̀ sì dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po 2,000 sí 3,000, bí a bá fi ìwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n.

Àgbáyun ni èkejì rẹ̀. Àgbáyun kò fi bẹ́ẹ̀ dùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ nǹkan kíkan di dídùn lẹ́nu ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da èso méjèèjì pọ̀. Àní William Freeman Daniell, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀wé nípa àgbáyun ní 1852, tó tún kọ̀wé nípa èso ewé eéran ní 1855, èso ìyanu ló pe àwọn méjèèjì. Ìyanu ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà ṣe tirẹ̀ yàtọ̀.

Ká tó lè yé ara wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ahọ́n. Ahọ́n kò mọ ṣúgà. Ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan kan ti kan ojú ìtọ́wò adùn. Púrótéènì méjì tó so mọ́ra, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní T1R2 àti T1R3, ni ojú ìtọ́wò yìí. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọn mọ̀ dáadáa. Bí ṣúgà bá dé, inú kòtò kékeré kan lára wọn ló máa ń kó sí, wọ́n á sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé adùn dé. Ohunkóhun mìíràn tí ìrísí rẹ̀ bá bá ibẹ̀ mu lè mú kí wọ́n rán iṣẹ́ kan náà, yálà ṣúgà wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí.

Púrótéènì wà nínú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà tí à ń jẹ lójoojúmọ́, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ń dùn bí ṣúgà. Wọ́n tóbi, wọn kò sì bá ojú ìtọ́wò adùn mu. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni púrótéènì tó rí ọ̀nà dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn òde, igbó Áfíríkà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí a mọ̀ ti wá. Ti àgbáyun ń jẹ́ miraculin. Ti èso ewé eéran ń jẹ́ thaumatin.

Igi kékeré ni àgbáyun, mọ̀lẹ́bí agbálùmọ̀ àti igi òrí. Láti Gánà títí dé Kóńgò ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Èso rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ó máa ń pọ́n dáadáa, kóró ńlá kan ṣoṣo ló sì wà nínú. Ẹran tó bo kóró náà kò ju fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ẹni tó ń wá èso tí yóò yó o, kí ó gba ìdí agbálùmọ̀ lọ.

Bí ẹ bá rí i, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jù ú sẹ́nu, kí ẹ máa fi ahọ́n yí i káàkiri títí ẹran rẹ̀ yóò fi tán lára kóró. Ẹ má yára gbé e mì, nítorí inú ẹran yẹn ni miraculin wà, ó sì gbọ́dọ̀ kan gbogbo ojú ahọ́n. Bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì bá kọjá, ẹ tu kóró dànù, kí ẹ wá mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ẹ là á, kí ẹ mu omi rẹ̀. Yóò dùn bí ìgbà tí wọ́n fi ṣúgà pò ó. Òórùn ọsàn á ṣì wà níbẹ̀, gbogbo adùn inú ọsàn tí kíkan ti ń bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá hàn síta, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó yàtọ̀ sí omi tí a kàn da ṣúgà sí.

Ọdún 1968 ni àwọn olùwádìí, tí Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler wà lára wọn, yọ èròjà náà jáde láti ara èso. Ó pẹ́ gan-an kí a tó mọ ohun tó ń ṣe lójú ahọ́n. Ní 2011 ni àwọn olùwádìí kan ní Japan fi hàn pé miraculin máa ń dì mọ́ ojú ìtọ́wò adùn kí kíkan tó dé rárá. Nígbà náà kò ní ṣe nǹkan kan. Bí àlejò tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí kò kan ilẹ̀kùn ló rí. Kódà ó lè dí adùn mìíràn lọ́wọ́ díẹ̀ níbi tó jókòó sí. Bí nǹkan kíkan bá wọ ẹnu, ìrísí rẹ̀ á yí padà, á wá ta ojú ìtọ́wò jí. Bí a bá gbé kíkan náà mì, tí itọ́ sì fọ ẹnu mọ́, á tún dákẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì lọ. Kíkan mìíràn tó bá tún dé á tún jí i. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí fún bí ààbọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí itọ́ yóò fi fọ̀ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé èyí ni pé bí oúnjẹ bá ṣe kan tó ni yóò ṣe dùn tó. Gààrì Ìjẹ̀bú tí a fi omi tútù rẹ dára fún un. Ògì tó ti kan, sóbò tí a kò fi ṣúgà sí, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí kò tíì pọ́n tán, agbálùmọ̀ tó ń pa ni léyín, wàrà kíkan, gbogbo wọn ni yóò yí padà. Máńgòrò tó ti pọ́n dáadáa kò ní yàtọ̀ púpọ̀, nítorí kíkan inú rẹ̀ ti kéré. Àgbáyun kò sì mọ ohun tí a ń pè ní ìkorò: ewúro á ṣì korò, orógbó á ṣì korò. Ata á ṣì ta. Ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù á ṣì níyọ̀ jù, ẹni tó sè é ló mọ bí yóò ti ṣe é.

Ìlò yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1725, Chevalier des Marchais, ará Faransé tó ń rìnrìn àjò ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, rí àwọn èèyàn tó ń jẹ èso náà ṣáájú oúnjẹ. Daniell náà kọ ọ́ pé oúnjẹ àgbàdo kíkan àti ẹmu tó ti kan ni wọ́n ń fi í jẹ. Ọgbọ́n yìí bá ilé ìdáná wa mu ju bí a ti rò lọ, nítorí púpọ̀ nínú oúnjẹ wa ni a ń jẹ́ kó kan kí a tó jẹ ẹ́. Níbi tí ṣúgà kò tíì dé, èso kan ṣoṣo tó láti mú àwo ògì dùn.

Ẹ má ṣe sè é o. Iná líle ń ba miraculin jẹ́, nítorí náà a kò lè fi àgbáyun se jáàmù tàbí yan kéèkì kí iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣẹ́kù. Èso tútù kì í pẹ́ bà jẹ́, ọjọ́ kan tàbí méjì ló ní lórí tábìlì. Ẹni tó bá ní fíríìsà lè dì í, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ń fi òtútù gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sọ ọ́ di hóró bí oògùn. Ẹ tún rántí pé ahọ́n nìkan ló gba ẹ̀tàn. Ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ ṣì wà níbẹ̀ bó ti wà, eyín àti ikùn kò sì bá ahọ́n dá sí ẹ̀tàn náà. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, tó wá mu omi ọsàn mẹ́wàá nítorí pé ó dùn lẹ́nu, yóò gbọ́ èsì lóru.

Bákan náà, àgbáyun kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ. Ó lè jẹ́ kí ẹni tó ń sá fún ṣúgà gbádùn ògì láìfi ṣúgà sí i, èyí sì dára, àmọ́ ògì náà ṣì ni oúnjẹ tí ara yóò sọ di ṣúgà. Àwọn ìwádìí kéékèèké kan ti wáyé pẹ̀lú àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tí oúnjẹ máa ń dà bí irin lẹ́nu wọn, láti mọ̀ bóyá àgbáyun lè jẹ́ kí wọ́n tún rí oúnjẹ jẹ.

Owó náà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Robert Harvey dá ilé iṣẹ́ Miralin sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti fi àgbáyun ṣe oúnjẹ aládùn tí kò ní ṣúgà. Ní 1974, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ sọ pé ohun àfikún oúnjẹ tí a kò tíì fọwọ́ sí ni, ilé iṣẹ́ náà sì kógbá sílé. Ní Yúróòpù, 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí èso àgbáyun gbígbẹ. Èso tí des Marchais ti rí lẹ́nu àwọn èèyàn ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, ohun tí wọ́n pè é nínú ìwé ni oúnjẹ tuntun.

Bí èso ewé eéran ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn ju ti àgbáyun lọ. Kò dúró de kíkan, kò dúró de ẹnikẹ́ni: adùn ni òun fúnra rẹ̀. Lábẹ́ igi ńlá, níbi tí òjìji wà, ni ewé náà ti ń hù láti ara gbòǹgbò tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Òdòdó rẹ̀ máa ń yọ nítòsí ilẹ̀, èso sì tẹ̀lé e níbẹ̀, pupa, onígun mẹ́ta, tí ewé gbígbẹ sábà máa ń bò mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń já ewé fi lè kọjá lórí rẹ̀ láìrí i. Kóró dúdú kan sí mẹ́ta ló wà nínú èso kọ̀ọ̀kan. Nǹkan rírọ̀ kékeré kan wà ní ìdí kóró kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an ni thaumatin wà. Kò sí adùn nínú ewé; ẹ má retí pé mọ́ín-mọ́ín yóò tìtorí ewé dùn bí kéèkì.

Bí ẹ bá fi nǹkan rírọ̀ yìí sẹ́nu, adùn kì í yára dé. Yóò dúró díẹ̀, yóò wá gòkè, lẹ́yìn náà kò ní fẹ́ lọ mọ́. Ó máa ń pẹ́ lẹ́nu débi pé omi lásán tí ẹ bá mu lé e lè máa dùn. Ìpẹ́lẹ́nu yìí ni mo kà sí àléébù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adùn oúnjẹ, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀kọ àárọ̀ ṣì máa dùn lẹ́nu òun nígbà tó ń jẹ ọbẹ̀ ata. Thaumatin kì í sì í tètè bà jẹ́ bíi miraculin. Ìdè mẹ́jọ ló so ara rẹ̀ pọ̀ nínú, kì í tètè tú bí iná bá kàn án, nítorí náà a lè fi í sínú ohun gbígbóná.

Ní 1972 ni àwọn olùwádìí ní Netherlands yọ ọ́ jáde. Tate & Lyle, ilé iṣẹ́ ṣúgà ti Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ di ọjà tí wọ́n ń pè ní Talin. Lónìí ó wà nínú ṣingọ́ọ̀mù, ó sì wà nínú oògùn tí wọ́n fẹ́ fi adùn bo ìkorò rẹ̀. Bí ẹ bá rí E957 lára páálí ọjà tó ti Yúróòpù wá, òun ni. Inú igbó Gánà àti Côte d'Ivoire ni wọ́n ti ń ṣa èso náà fún ilé iṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rá ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ewé, ó sì ṣòro kí ẹni tí kò ra ewé mọ́ tún rántí bèèrè èso.

Kí ni igi ń fi irú púrótéènì báyìí ṣe? Ṣúgà wọ́n igi láti ṣe. Púrótéènì tíntínní tó dùn bí ṣúgà púpọ̀ lè mú kí ẹranko gbé kóró lọ jìnnà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yani lẹ́nu díẹ̀ pé ọ̀bọ Áfíríkà àti àwa èèyàn ń tọ́ thaumatin wò, eku kò sì rí adùn kankan níbẹ̀. Igi mìíràn tún wà ní ìhà Gabon àti Cameroon tó ń ṣe púrótéènì adùn tirẹ̀, brazzein. Ní 2016, àwọn olùwádìí rí i pé ojú ìtọ́wò gọ̀rílà ti yí padà níbi tí brazzein máa ń dì mọ́. Wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe kí gọ̀rílà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tàn igi náà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbin àgbáyun, kóró tútù ni kó lò, nítorí kóró tó bá pẹ́ nílẹ̀ kì í hù. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló sábà máa ń gbà kó tó so. Ilẹ̀ tó ní ásíìdì ló fẹ́, ó sì lè gbé nínú ìkòkò ńlá níbi tí oòrùn kò ti mú jù. Nítorí ásíìdì ilẹ̀ tó fẹ́ yẹn, eérú ìdáná tí à ń dà sídìí ẹ̀fọ́, ẹ má dà á sídìí rẹ̀.