Òbí, Àgbà àti Ọmọ Nínú Ẹnì Kan Ṣoṣo

Bí bàbá àgbà bá papò dà, tí ìyàwó ilé sì bí ọkùnrin láìpẹ́ sí i, Babátúndé ni a ó pe ọmọ náà. Bó bá dàgbà tó ń wúkọ́ bíi bàbá àgbà, tó ń káwọ́ sẹ́yìn rìn bíi tirẹ̀, kì í ya ará ilé lẹ́nu. Ó ti mọ́ wa lára ká máa gbọ́ ohùn ẹni tó ti lọ lẹ́nu ẹni tó ṣì wà.

Ohun tí Eric Berne sọ fara pẹ́ èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtúnwá. Oníṣègùn àrùn ọpọlọ ni, Montreal ní Kánádà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1910. Ó ní gbogbo wa la gbé òbí wa sínú, kódà bí wọ́n bá ṣì wà láyé. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò yìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1957. Agbẹjọ́rò kan tó ń tọ́jú, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ déédéé, sọ fún un pé òun kì í ṣe agbẹjọ́rò rárá, ọmọdékùnrin lásán lòun. Berne ò fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀ dáadáa: ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí, agbẹjọ́rò ni àbí ọmọdé?

Mẹ́ta ló wá rí nínú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òbí ni ohun tí a gbà lọ́dọ̀ àwọn tó tọ́ wa: ìkẹ́, ìbáwí, òfin, títí kan ẹ̀rù tó ń bà wọ́n. Ọmọ ni bí ayé ṣe rí lára wa nígbà tí a wà ní kékeré. Àgbà ló ń wo ohun tó wà nílẹ̀ lónìí, tó ń rò ó kó tó fèsì. Kò kan ọjọ́ orí o: ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Àgbà tirẹ̀, ẹni ọgọ́rin ọdún sì ní Ọmọ nínú.

Ìyàwó béèrè pé, “Bàbá Ṣadé, aago mélòó lẹ máa dé?” Àgbà ló béèrè, ó fẹ́ mọ ìgbà tí òun máa ro àmàlà. Bí ọkọ bá ní, “Aago méje,” ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ bó bá jágbe pé, “Ṣé ò ń ṣọ́ mi ni?” Ọmọ inú rẹ̀ ló dáhùn, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló ń bá a wí. Ọ̀rọ̀ forí gbárí. Irú ìjà báyìí, èyí tí tọkọtaya ń jà ní àjàtúnjà, ló pọ̀ nínú ìwé Berne, Games People Play, tó jáde ní 1964.

Ibi tí èrò yìí ti le fún àwa Yorùbá ni pé ohùn òbí kì í ṣe ohun tí à ń bi léèrè. Berne kò ní ká lé Òbí síta, nítorí ìkẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Àgbà máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ló ní, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń na ọmọ nítorí pé wọ́n na òun náà, tí èébú tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi bú u. Ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ kọ́ ló ń wò. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé pàṣán, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ẹni tó fẹ́ na ọmọ náà.