Lẹ́yìn Frídọ̀ọ̀mù Ńkọ́? Bí Ìdánwò àti Ìdíje Ṣe Lè Gbé Ọmọ Iṣẹ́ Síta

Bí ẹ bá wọ Awo, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ nítòsí Ẹdẹ, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe frídọ̀ọ̀mù, ẹ máa mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín. Áńkárá kan náà lára gbogbo ẹbí, orin á ti gba àdúgbò, ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á wá fa ìwé lé e lọ́wọ́.

Ìwé yẹn dára. Àmọ́ bí ọmọ náà bá gbé e dé Èkó tàbí Abuja, ta ló mọ ọ̀gá tó fọwọ́ sí i?

Mo mọ bíríkìlà kan lágbègbè wa tó lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ògiri tó bá mọ, ẹ ta okùn sí i, ẹ ò ní rí ibi tó wọ́. Ó dé sáìtì kan, wọ́n ní, "Trade test rẹ ńkọ́?" Kò ní. Ẹlòmíì tó ní i ni wọ́n gbà, abẹ́ ẹni yẹn ni tiwa ti ń po sìmẹ́ǹtì. Ó ṣì ń dùn mí.

Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń ṣe trade test. Ipele mẹ́ta ni: 3 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, 1 ló ga jù. NABTEB tó wà nílùú Bìní náà ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni NSQF, tí àjọ NBTE ń bójú tó, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2013. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ igi náà lè gba ìwé rẹ̀. Wọn ò ní ní kó padà sí kíláàsì. Olùyẹ̀wò á wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́, á sì wo ẹ̀rí èyí tó ti ṣe sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ máa ya fọ́tò iṣẹ́ yín o, kì í ṣe ti òde àríyá nìkan.

Ìdíje wá ńkọ́? Èyí tó lórúkọ jù láyé ni WorldSkills. Sípéènì àti Pọtogí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nílùú Madrid lọ́dún 1950. Ní Lyon, ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 2024, iṣẹ́ 59 ni wọ́n fi díje: bíríkìlà, pọ́lọ́ńbà, wẹ́dà, onídìrí, àní títẹ́ táílì. Ti ilẹ̀ Áfíríkà náà wáyé ní Swakopmund, Nàmíbíà, lọ́dún 2022.

Pílánì kan náà, ohun èlò kan náà, wákàtí kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo òǹdíje. Tí àsìkò bá pé, wọ́n á gbé ìwọ̀n sí i. Kò sí "ọmọ ta ni ẹ́?" níbẹ̀. Ẹni tó bá yege níbẹ̀, àlejò tí kò mọ̀ ọ́n rí lè gbà á síṣẹ́.

Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, òǹdíje ò gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọdún 22 lọ. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ẹni tó wọṣẹ́ ní 17, tó lo ọdún mẹ́ta, 20 ló wà. Ẹni tó ti jókòó ti JAMB lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó ronú iṣẹ́ ọwọ́, ọkọ̀ yẹn ti lọ. (Poly lèmi lọ, mi ò bú ẹnikẹ́ni.)

Ibi tí tiwa ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ọ̀gá ló sábà máa ń ka pílánì, "gbé e wá" ni tọmọ iṣẹ́. Ọmọ mìíràn á fi ọdún kan gbáko fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá. Kí òbí tó fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì, kó béèrè pé: ìgbà wo lẹ máa kọ́ ọ ní pílánì kíkà? Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé.

Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ náà lè ṣe tiwọn, kò dìgbà tí ìjọba bá dá sí i. Wọ́n kúkú ń ṣèpàdé lóṣooṣù. Kí wọ́n kó ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá jọ, búlọ́ọ̀kù iye kan náà, wákàtí mẹ́ta, kí ọ̀gá láti ìlú mìíràn wá wọ̀n ọ́n.

Bíríkìlà tí mo sọ yẹn ti gba trade test báyìí. Ó ti ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Ìgbà tí mo yà síbi iṣẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn, ó tẹ́ pílánì sórí búlọ́ọ̀kù, ó ní káwọn ọmọ náà kà á fún òun.