Ẹjọ́ Tẹ́tẹ́ Orí Fóònù: Alberta àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ará Cornerstone, níhìn-ín ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Calgary, bá ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù, tó jẹ owó, tí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ sì ní àwọn ò ní í san, ta ni yóò dá ẹjọ́ náà? Lórí ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi Alberta wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Alberta, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn oṣù Kẹwàá 2020, Play Alberta nìkan ni ojúlé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba fọwọ́ sí. AGLC, àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́, ọtí àti igbó, ló ni ín. Èyí dára níbì kan: ìjọba kì í kó owó olówó sá lọ. Ṣùgbọ́n àjọ tó ń ta tẹ́tẹ́ náà ló tún jẹ́ aláṣẹ lórí tẹ́tẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 8 láti yanjú ẹ̀sùn oníbàárà. Bí wọn ò bá rí i yanjú, oníbàárà lè gbé e lọ sọ́dọ̀ onílàjà tó wà níta, kò sì ní í san kọ́bọ̀. IBAS, tó ti wà láti 1998, wà lára irú àwọn onílàjà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ló ń dáwó tí IBAS fi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn.

Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ẹjọ́ kì í yá ní gbogbo ìgbà. Ní oṣù Kínní 2018, oníbàárà kan, Andrew Green, ta eré káàdì blackjack lórí fóònù lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Betfred títí owó tó jẹ fi lé ní mílíọ̀nù 1.7 pọ́n-ùn. Betfred ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Wọ́n fi £60,000 lọ̀ ọ́, kó má sọ̀rọ̀ náà mọ́, ó kọ̀, ó sì gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Oṣù Kẹrin 2021 ni Adájọ́ Foster tó dá a láre ní Ilé-ẹjọ́ Gíga: àwọn àdéhùn tí Betfred dì mú kò yé ènìyàn tó, wọn ò sì fi wọ́n hàn án dáadáa. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kó tó rí ìdájọ́ gbà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ pẹ̀lú ní ẹjọ́ tiwọn rò. Àwọn oníbàárà kan ń ṣí àkáǹtì mẹ́ta, mẹ́rin nítorí owó ẹ̀bùn. Àwọn kan ń fi orúkọ ẹlòmíràn ta. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó gbowó. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹlòmíràn gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Òfin tí Alberta ṣe ní 2025 gbé ìgbésẹ̀ kan: ó dá Alberta iGaming Corporation sílẹ̀ láti bá àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni da òwò pọ̀, kí AGLC lè gbájú mọ́ àbójútó. Mo gbóríyìn fún un. Síbẹ̀, bí mo bá gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n, ti Gẹ̀ẹ́sì ló wúwo jù lójú mi, torí ìjọba tó ń jẹ nínú èrè tẹ́tẹ́ kò lè dá nìkan jẹ́ adájọ́ rẹ̀. Onílàjà aládàádúró, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú gbèdéke ọjọ́: ohun tó yẹ kí àwa ará Calgary béèrè lọ́wọ́ aṣòfin wa nìyẹn.

Kó tó dìgbà náà, ẹ ya àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì yín kó tó kúrò lójú fóònù, kí ẹ sì yẹra fún ojúlé òkèèrè tí ìjọba Alberta kò fọwọ́ sí. Bí irú ojúlé bẹ́ẹ̀ bá gbẹ́sẹ̀ lé owó yín, ó ṣòro kí aláṣẹ kankan níhìn-ín lè bá yín gbà á.