Etí Ni Irinṣẹ́ Àkọ́kọ́: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà

Lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà tàbí inú rírun ni mo mú wá. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà, àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí baba àti ìyá ilé náà fetí sí i, kí ẹ lè dá ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ̀ bí ó bá kan ilẹ̀kùn yín lọ́la.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù orúkọ wẹ́fíà. Wọ́n rò pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ní dìsìpẹ́ńsárì wa ní Òmùò-Èkìtì níbí, àwa nọ́ọ̀sì là ń kọ́kọ́ rí egbò. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni ń bá wa wá ìdí rẹ̀ dé ilé. Oògùn kì í wo ìyà tó wà nílé.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láàárín wa. Ní ọdún 1941 ni ìjọba amúnisìn fi Ọ̀gbẹ́ni Donald Faulkner ṣe ọ̀gá wẹ́fíà àkọ́kọ́ ní Èkó, nítorí àwọn ọmọ tí ń sùn káàkiri ìgboro. Láàárín àwọn ọdún náà, òfin jáde láti dín ọjà kíkiri àwọn ọmọbìnrin kéékèèké kù. Èrò rere ni, nítorí ewu wà lójú títì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà kọ̀ ọ́, nítorí pé ọjà kíkiri ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní òwò, òun náà ni ilé sì fi ń jẹun. Èrò rere nìkan kò tó; àfi kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Nítorí náà, bí ẹ bá wọ ilé onílé, ẹ kọ́kọ́ kí ará ilé. Ẹ sọ orúkọ yín, ibi tí ẹ ti wá, àti ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹ má dúró lé ènìyàn lórí; ẹ jókòó. Ẹ bèèrè pé, “Màmá, báwo ni nǹkan ṣe ń lọ nílé?” kí ẹ sì dákẹ́. Bí èdè ìlú rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ìyá ọkọ bá ń dáhùn fún ìyàwó, ẹ fi ọ̀wọ̀ tọrọ àyè láti bá ìyàwó nìkan sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ má sọ pé, “Bàbá rẹ ló nà ọ́, àbí?” Ẹ bi í pé, “Kí ló ṣe ọ́ lápá?”

Ìyá kan gbé ọmọ ọdún kan àbọ̀ wá bá wa. Nígbà tí mo wọn apá ọmọ náà, kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5. Fún ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí 59, àmì àìjẹunre-kánú tó le gan-an nìyẹn. Àwọn aládùúgbò ní ọ̀lẹ ni ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan jókòó tì í, ó sì gbọ́ pé gbèsè àjọ ló ń san. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lọ ṣiṣẹ́ oko olóko, ọmọ ọdún méje ló sì ń fún àbúrò rẹ̀ ní ògì lásán. Wọn kò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. A fi ọmọ sí ìtọ́jú. Òṣìṣẹ́ náà bẹ àwọn alájọ kí wọ́n dín owó ọ̀sẹ̀ kù, ó sì bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin kí ó máa mójú tó àwọn ọmọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ má sì ṣe ìlérí pé, “N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.” Bí ọmọ bá ní wọ́n fipá bá òun lò, ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn. Oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ló ṣe dára tó. Ẹ sọ fún un pé, “Àwọn tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ nìkan ni n ó sọ fún.” Kí ó sì rí bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dé ọjà.

Nínú ìwé yín, ẹ ya ohun tí ẹ fojú rí, ohun tí wọ́n sọ fún yín, àti èrò ọkàn yín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. “Ìyá yìí kò bìkítà” kì í ṣe àkọsílẹ̀, ìdájọ́ ni. “Agogo mẹ́wàá ni mo dé, ọmọ méjì wà nílé, kò sí àgbàlagbà”: àkọsílẹ̀ nìyẹn. Adájọ́ lè ka ìwé yín lọ́la. Ọ̀rọ̀ kan tí kò rí bẹ́ẹ̀ lè tú ilé ká. Bí ọ̀rọ̀ bá sì wúwo jù, ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá yín. Ẹ má dá a gbé sùn.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ béèrè ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá, lẹ́yìn náà kí ẹ fún un láyè. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ kan bá ń dùn yín lọ́kàn, ẹ má dúró títí egbò yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ lọ bá àwọn wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.